Kí Ni Òrùka Yín Ń Wí?

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ lọ́sàn-án Sátidé kan ní gbọ̀ngàn kan ní Yábàá, níwájú àwọn ọ̀dọ́ tó ń múra ìgbéyàwó àti àwọn òbí wọn. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo júbà yín. Ẹ̀yin ọkọ ojú ọ̀nà, ẹ̀yin ìyàwó ojú ọ̀nà, ẹ kú ìmúra o. Ọjọ́ náà á bá wa láyọ̀, òjò kò sì ní da ayẹyẹ yín rú.

Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ góòlù ni mo kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ibẹ̀ náà ni mo sì wà títí dòní, kò jìnnà sí Ìdúmọ̀tà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Méjì méjì ni àwọn oníbàárà òrùka máa ń wá. Wọ́n á jókòó, ọkùnrin á kọ́kọ́ bèèrè pé, "Bàbá, èló ni òrùka?" Mi ò bínú sí ìbéèrè yẹn rárá, torí mo mọ ohun tí ìgbéyàwó ń náni l'Ékòó yìí: owó gbọ̀ngàn, owó alásè, owó onílù, aṣọ ẹbí. Ṣùgbọ́n èmi náà ní ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n kí n tó dárúkọ owó. Mo máa ń ní, "Kí lẹ fẹ́ kí òrùka yín máa wí?" Wọ́n á wo ara wọn lójú. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin á mú fóònù jáde, á fi àwòrán òrùka ẹnì kan hàn mí. Òrùka tó dára ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ló wà lẹ́nu ẹ̀.

Ohun tí mo bá wá síbí lónìí kò ju ìyẹn lọ. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tí òrùka yín máa sọ ná, kí ẹ tó wá góòlù tí ẹ máa fi sọ ọ́.

Kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn baba wa ti ń fi nǹkan sọ̀rọ̀. Àrokò ni wọ́n ń pè é. Bí ọkùnrin bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ tó fi ránṣẹ́ sí obìnrin, kò kọ lẹ́tà, kò rán alárinà. Ẹ̀fà ni, ọ̀rọ̀ "fà" sì wà nínú ẹ̀fà: ọkàn mi ń fà sí ọ. Bí obìnrin náà bá fẹ́ ẹ, ẹyọ mẹ́jọ ni yóò fi dá a lóhùn. Ẹ̀jọ ni: a jọ mọ̀ ọ́n, ohun tó wà lọ́kàn rẹ jọ tèmi. Bí wọ́n ṣe so ẹyọ náà gan-an tún lọ́rọ̀ nínú. Méjì tó bá kojú síra wọn, ìrẹ́pọ̀ ni. Méjì tó bá kẹ̀yìn síra wọn, nǹkan ti bàjẹ́ láàárín wa nìyẹn. Gbogbo èyí nínú owó ẹyọ àti òwú! Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kàn rí okùn owó ni, àmọ́ ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ti gbọ́ ohun tí wọ́n wí.

Irú ohun tí mo ń fẹ́ kí òrùka yín jẹ́ nìyẹn. Tọkọtaya kan wá lọ́dún tó kọjá, mo sọ ìtàn yìí fún wọn, ọkùnrin náà dìde lórí àga. Ohun tí a ṣe fún wọn kò le: òrùka fàdákà méjì tó ń dán, àmì róbótó mẹ́fà lára ti ìyàwó, mẹ́jọ lára ti ọkọ. Òun ló fi mẹ́fà ránṣẹ́, ọwọ́ ìyàwó ni mẹ́fà wà. Ìyàwó fi mẹ́jọ dáhùn, ọwọ́ ọkọ ni mẹ́jọ wà. Àmì lásán ni àwọn tó ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ ń rí.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé òrùka ìgbéyàwó kì í ṣe tiwa, pé kí ni a tún ń wá ìtumọ̀ rẹ̀ kiri sí. Mo gbà pé ṣọ́ọ̀ṣì àti kóòtù ló mú un wọ inú ìgbéyàwó wa. A ti ń wọ òrùka tipẹ́ lóòótọ́, òrùka idẹ, òrùka oyè, òrùka oògùn pàápàá, ṣùgbọ́n ẹbí, ìdána àti àdúrà la fi ń gbéyàwó. Òfin ìgbéyàwó ìjọba pàápàá kò sọ pé láìsí òrùka kò sí ìgbéyàwó. Ẹ lọ sí kóòtù Ìkòyí, ìbuwọ́lùwé yín àti ti ẹlẹ́rìí méjì ni òfin ń wá. Àwọn ìjọ kan tún wà tó jẹ́ pé Bíbélì ni wọ́n ń gbé lé tọkọtaya lọ́wọ́ dípò òrùka, ìgbéyàwó wọn sì dúró digbí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe sọ ọ́ di tiwa. Níbi ìdána, nígbà tí alága bá ní kí ìyàwó lọ mú ohun kan ṣoṣo tó wù ú jù nínú gbogbo ẹrù tí wọ́n kó wá, ó máa rìn kọjá lára iṣu, kọjá lára àpótí aṣọ, Bíbélì tàbí Kùránì ló máa gbé. Ara ẹ̀ ni wọ́n ti fi ríbọ́ọ̀nù so òrùka mọ́. Gbogbo ilé á pariwo. Kò sí òyìnbó tó kọ́ wa ní ìyẹn. Àwa la fún un nítumọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí níbi gbogbo láyé. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní iṣan kan ti ìka kẹrin ọwọ́ òsì lọ tààrà sínú ọkàn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wọ̀ ọ́ síbẹ̀. Gbogbo ìka ló ní iṣan tó ń bá ọkàn lò, ti ìka yẹn kò yàtọ̀. Ní Jámánì àti Pólándì, ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ wọn ń fi òrùka ìgbéyàwó sí. Ẹ̀yin tí ìyá yín ti gbá lọ́wọ́ rí torí pé ẹ fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ẹ̀rù kò gbọ́dọ̀ bà yín láti bèèrè ọwọ́ tí ẹ̀yin fẹ́. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Mo ti fín òwe yẹn sínú òrùka méjì rí, ìlàjì sínú ti ọkọ, ìlàjì sínú ti aya. Ìgbà tí wọ́n bá kó o pọ̀ ló tó pé.

Dáyámọ́ǹdì ńkọ́? Ní 1938 ni De Beers, ilé-iṣẹ́ tó ń ta dáyámọ́ǹdì, gbé ìpolówó rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ onípolówó Ayer ní Amẹ́ríkà, àwọn yẹn ló sì ṣiṣẹ́ ọdún gbọọrọ títí ó fi wọ àwọn èèyàn lọ́kàn pé láìsí dáyámọ́ǹdì ọkùnrin kò tíì sọ pé òun fẹ́ ìyàwó. Òkúta oṣù ìbí náà, garnet fún Jánúárì, ruby fún Júláì, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ ní Amẹ́ríkà ló tò ó bẹ́ẹ̀ ní 1912. Mi ò bẹnu àtẹ́ lu òkúta kankan, mo ń tà wọ́n. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn ọlọ́jà jókòó, wọ́n fún òkúta nítumọ̀, ayé gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ní oríkì, tí ẹ ní orílẹ̀, tí ìyá àgbà yín ṣì ń kì yín láràárọ̀, kí ló dé tí ẹ̀yin ò ní jókòó?

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé náà ni kí ẹ wò kí ẹ tó dá òrùka.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọmọbìnrin kan tó wá bá mi láti Ṣómólú. Bàbá rẹ̀ ti kú, kò tíì pé ọdún kan, òun nìkan sì ni ọmọ tó bí. Ó gbé fọ́tò kan wá, fọ́tò àtijọ́ tí etí rẹ̀ ti ká. Bàbá náà ní pélé lẹ́rẹ̀kẹ́, ilà mẹ́ta kúkúrú tó dúró ṣánṣán. Ó ní, "Bàbá mi ló yẹ kó fà mí lé ọkọ mi lọ́wọ́." Lẹ́yìn ìyẹn kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló bá a parí rẹ̀, pé ilà bàbá ni àwọn fẹ́, lára òrùka méjèèjì, kò gbọdọ̀ sí orúkọ, kò gbọdọ̀ sí déètì.

Mo fi ẹ̀rọ fín in. Nígbà tí wọ́n padà wá wò ó, ọmọ náà gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó yí i títí, ó sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé, "Ẹ má bínú, sà. Ilà bàbá mi kò dọ́gba. Èyí tó wà láàárín ló gùn jù, orí rẹ̀ sì tẹ̀ díẹ̀ sápá ibi etí." Mo wo fọ́tò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Òótọ́ ló sọ. Oníilà tó kọ ọ́ fún bàbá náà ní kékeré kò lo rúlà, ọmọ tó ń ké ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo yọ́ òrùka méjèèjì padà, mo tún wọn ṣe, irin ìfín ni mo fi ọwọ́ ara mi mú lọ́tẹ̀ yìí, mo gbé fọ́tò náà ti iwájú. Ọjọ́ tó wá gbà á, kò gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ mọ́. Ó di ojú rẹ̀ pa, ó ń fi àtàǹpàkò pa ilà mẹ́ta yẹn, bí èèyàn ṣe ń pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó fẹ́ràn. Ó ní, "Òun nìyí."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé nǹkan tí tọkọtaya bá mú wá láti ilé, a kì í tún un ṣe kó lè lẹ́wà. Bó ṣe rí ni kí a fín in.

Ohun tí ẹ máa mú wá kò ní láti jẹ́ ohun ńlá. Ìyàwó kan láti Pópó Àgùdà fẹ́ iṣẹ́ ọnà irin tó wà lójú fèrèsé ilé bàbá àgbà rẹ̀, irú ilé àwọn tó ti Bràsíìlì padà wá nígbà náà lọ́hùn-ún. Wọ́n ti fẹ́ wó ilé náà. Mo bá a lọ síbẹ̀, mo fi bébà àti pẹ́ńsù ya àwòrán rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, àwọn aládùúgbò ń bi wá pé ṣé ìjọba ló rán wa. Àwọn méjì kan pàdé nínú dáńfó, wọ́n jọ ń wọ ọkọ̀ láti Ọ̀wọ́róńṣòkí lọ sí Èkó láràárọ̀ lórí afárá Third Mainland, ìgbà tó pé oṣù mẹ́ta ni ọkùnrin tó lè bèèrè orúkọ. Òrùka góòlù ni tiwọn, ilà dúdú méjì yí i ká. Gbogbo ọmọ Èkó tó bá rí i máa mọ dáńfó lójú ẹsẹ̀, àmọ́ àwọn méjèèjì nìkan ló mọ ìjókòó tí wọ́n máa ń jókòó sí. Ẹlòmíì á ní ọ̀rọ̀ dáńfó kò yẹ ìgbéyàwó. Èmi rò pé ó yẹ ẹ́ gan-an, torí ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti pàdé wọn.

Oríkì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, Àjọkẹ́, Àlàbí, Àkànní. Orúkọ tí wọn kì í pè wá níbi iṣẹ́, tí kò sí nínú páásípọ́ọ̀tù ọ̀pọ̀ wa, àwọn tó bí wa àti àwọn tó fẹ́ wa ló ń pè é. Tí oríkì aya bá wà nínú òrùka ọkọ, tó lẹ̀ mọ́ awọ ara rẹ̀ tọ̀sántòru, ojoojúmọ́ ló ń kì í.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tí mo bá yín jà lé lórí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fi àmì sí Yorùbá yín. Ọmọbìnrin kan gbé òrùka ọkọ rẹ̀ wá fún mi rí. Ṣọ́ọ̀bù kan ni wọ́n ti rà á, ẹ̀rọ ni wọ́n fi kọ̀wé sínú rẹ̀: OKO MI. Kò sí àmì kankan lábẹ́ rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló gbé e sójú tó kà á sókè pé, "Oko mi. Oko ìbo?" Ọmọ náà kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí, ó dùn ún wọ eegun. Mo gbé awò sójú, mo fi irin tó kéré jù fín àmì méjì sábẹ́ O méjèèjì. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àmì kékeré yẹn ló wà láàárín ọkọ àti oko. Bẹ́ẹ̀ náà ni IFE tí ẹ ń kọ: Ifẹ̀ ni ìlú, ìfẹ́ ni èyí tó wà lọ́kàn yín. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lo ẹ̀rọ, ẹ ní kó kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ yín sórí bébà kí ẹ rí i, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni kò ní ẹ tàbí ṣ nínú. Tí kò bá ní in, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ọwọ́ fín.

Ẹ má sì kọ ìwé gígùn. Òrùka tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 17, àyíká rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílímítà 53 lọ. Lẹ́tà bíi ogún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló lè gbà kó ṣì ṣeé kà. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì náà máa ń fín ewì kúkúrú sínú òrùka tí wọ́n ń fún olùfẹ́ wọn, wọ́n mọ̀ pé ìlà kan ti tó. Òwe wa kúkú kúrú.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí ọmọ mi, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ọ̀pọ̀ àwọn aáfà gbà pé góòlù kò tọ́ fún ọkùnrin, fàdákà ló tọ́. Ẹ rántí pé òrùka fàdákà ni Ànábì wa ní, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ọ̀rọ̀ sì wà lára rẹ̀, "Muhammad Òjíṣẹ́ Ọlọ́run" ní èdè Lárúbáwá, ìlà mẹ́ta, ó fi ń lu òǹtẹ̀ sí lẹ́tà. Lẹ́yìn rẹ̀ Abubakar wọ̀ ọ́, Umar wọ̀ ọ́, Uthman wọ̀ ọ́ kí ó tó bọ́ sínú kànga Aris ní Mẹ̀dínà. Òrùka tó ní ọ̀rọ̀ nínú kì í ṣe àṣà àjèjì fún yín.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń bèèrè àmì tó dà bí ẹ̀jọ tó dùbúlẹ̀, àmì àìlópin. John Wallis, onímọ̀ ìṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ lò ó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ní 1655. Tí wọ́n bá bèèrè rẹ̀, mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ̀jọ nìyẹn o, ẹ̀jọ tí obìnrin fi ń dáhùn. Ojú wọn á là. Àmọ́ àmì ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, orúkọ àpèjẹ́ tí ẹ ń pe ara yín lórí fóònù lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ rò ó dáadáa. Òrùka kò ṣeé bọ́ bí aṣọ. Bákan náà, nǹkan awo, nǹkan òrìṣà ìdílé, ẹ bi àwọn àgbà ilé kí ẹ tó fín in. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló ń fúnni láyè láti sọ ọ́.

Mo ti sọ̀rọ̀ pẹ́ kí n tó débi góòlù fúnra rẹ̀, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀.

Góòlù tí kò ní àbùlà ni kárátì 24. Ó rọ̀, òrùka rẹ̀ á tẹ̀, iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ á sì tètè pa rẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń po bàbà àti fàdákà mọ́ ọn. Kárátì 18, ìdá 18 nínú 24 ni góòlù, òǹtẹ̀ 750 ni ẹ máa rí nínú rẹ̀. Kárátì 14 ń jẹ́ 585, kárátì 9 ń jẹ́ 375, fàdákà tó dáa ń jẹ́ 925. Fún òrùka tí wọ́n fín, kárátì 14 tàbí 18 ni mo máa ń gbà yín níyànjú, kó má sì tín-ín-rín jù, kí ibi tí irin máa wọ̀ lè wà. Òǹtẹ̀ nìkan kò tó o, ẹnikẹ́ni lè lu òǹtẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi í ha òkúta ìdánwò níwájú yín, kí wọ́n kán ásíìdì sí i. Góòlù funfun tí ẹ ń rí tó ń kọ mànà, ródíọ́ọ̀mù ni wọ́n fi bò ó lára, ó máa ń ṣí bó bá yá, ẹ ó máa gbé e wá kí a tún un bò. Òrùka dúdú tí wọ́n ń pè ní tungsten, tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin fẹ́ràn torí kò wọ́n, ó le, kò tètè ha, àmọ́ kò ṣeé fẹ̀ kò ṣeé fún. Tí ìka bá wú nílé ìwòsàn, fífọ́ ni wọ́n máa ń fọ́ ọ.

Òkúta náà ní agbára tirẹ̀. Nínú òṣùwọ̀n líle tí a ń lò, dáyámọ́ǹdì jẹ́ 10, sapphire àti ruby jẹ́ 9, péálì kò tó 5. Iyanrìn lásán jẹ́ 7, iyanrìn sì ni eruku Èkó. Ohunkóhun tí kò bá tó 7 lára òrùka tí ẹ ń wọ̀ lójoojúmọ́, eruku á ha á. Ó máa ń dùn mí láti sọ èyí fún àwọn tó bá mú iyùn wá. Ìyàwó kan fẹ́ kí n fi iyùn kan ṣoṣo láti ọrùn ìyá àgbà rẹ̀ sórí òrùka. Iyùn inú òkun rọ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ pàápàá ń jẹ ẹ́, obìnrin tó ń se ọbẹ̀, tó ń fi ọṣẹ fọ abọ́, kò lè pa á mọ́ lórí ìka. A kò jù ú nù o. Mo fi góòlù ṣe ìrísí iyùn náà, pẹ̀lú ibi tó ti ha lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì dá ìlẹ̀kẹ̀ náà padà sọ́rùn ẹni tó ni ín.

Góòlù ìyá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìyá wa tó jẹun nínú ọjà Balógun, góòlù ni wọ́n fi ń tọ́jú owó, yẹtí kan lọ́dún yìí, ṣéènì kan lọ́dún mìíràn. Tí wọ́n bá fún yín ní èyí tó ti já, ẹ gbé e wá kí a yọ́ ọ sínú òrùka yín. Góòlù kì í gbàgbé, ó kàn ń yí ìrísí ni. Ẹ kàn jẹ́ kí a dán an wò ná. Ọkùnrin kan gbé ṣéènì ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé wá, a fi ásíìdì kán an, idẹ ni, góòlù kàn wà lára rẹ̀ lóréfèé. Ọ̀dọ́ náà dákẹ́. Ó ní ìyá òun wọ̀ ọ́ lọ sí gbogbo àpèjẹ fún ogún ọdún, ó sì gbà pé góòlù ni. Mo sọ fún un pé kó má jù ú nù. Ọ̀ṣun, Afidẹrẹmọ ni wọ́n ń kì í, idẹ ló fi ń rẹ ọmọ, kò fi góòlù rẹ̀ ẹ́. Mo na idẹ náà tín-ín-rín, mo tẹ́ ẹ sí àárín ìta òrùka fàdákà, ibi tí òógùn kò ti ní sọ ọ́ di àwọ̀ ewé lára ìka. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé ó ń fi aṣọ nù ún lálaalẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé iṣẹ́ yìí ti òkè òkun wá, ẹ jẹ́ n fi èyí kún un. Ní 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n hú àwọn orí tí wọ́n fi idẹ àti bàbà rọ jáde látinú ilẹ̀. Ìda ni àwọn baba wa fi kọ́kọ́ mọ orí wọ̀nyẹn, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n gbé e sínú iná kí ìda yọ́ jáde, wọ́n sì da idẹ sí ààyè rẹ̀. Ọ̀nà kan náà yẹn ni mo ń gbà ṣe òrùka yín títí dòní. Ìda ni mo máa fi hàn yín kọ́kọ́. Ẹ ó fi ọwọ́ yín kàn án, ẹ ó sọ pé ibí yìí kò rí bí mo ṣe fẹ́, mo ó tún un gbẹ́. Kò tíì ná yín ní gírámù góòlù kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí ẹ wá ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹni tó bá wá ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ohun tó wà nílẹ̀ ló máa mú.

Ó ku ìwọ̀n. Ẹ má fi òwú wọn ìka yín, òwú ń nà. Ẹ má wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kùtù tàbí lẹ́yìn tí ẹ bá jáde nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, ìka á ti sún kì. Oòrùn Èkó ń mú ìka wú, ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń wú jù. Tí oríkèé bá tóbi ju ìdí ìka lọ, oríkèé ni ká tẹ̀ lé, nítorí ibẹ̀ ni òrùka máa kọjá. Òrùka tí ara rẹ̀ fẹ̀ máa ń fún ìka ju èyí tó tín-ín-rín lọ, bí ìwọ̀n wọn tilẹ̀ dọ́gba. Ẹ̀yin ìyàwó, oyún náà máa ń wú ìka, mo sì ti gbàdúrà fún un ṣáájú, nítorí náà ẹ jẹ́ kó jẹ́ irin tí a lè fẹ̀.

Aago márùn-ún ti ń lọ lù, ìka gbogbo wa ti wú tó bó ṣe yẹ. Mo kó òrùka ìwọ̀n mi wá, ó wà lórí tábìlì lọ́wọ́ ẹ̀yìn yẹn. Ẹ tò wá méjì méjì, kí ìyàwó kọ́kọ́ na ọwọ́. Bí mo bá ṣe ń wọ̀n yín lọ, ẹ má tíì bi mí léèló. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti pàdé fún mi.